FamilySearch: bí mo ṣe tọpa ìdílé ìyá ọkọ mi dé inú ìwé ìsàmì Kingston

Bí ẹ bá ń wá orírun ìdílé Amẹ́ríkà kan tó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìkànnì FamilySearch ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí kí ẹ tó yọ owó fún ẹnikẹ́ni. Èmi ti lò ó dáadáa. Ìdílé ìyá ọkọ mi ni mo fi ṣe é: àwọn ará Dutch, ìyẹn ará Netherlands, tó tẹ̀dó sí etí odò Hudson ní New York láyé àtijọ́, tí àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ti fọ́n káàkiri báyìí títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Maryland. Láti kékeré ni àwọn ọmọ mi ti ń gbọ́ oríkì ilé tiwa. Ó máa ń dùn mí pé ní apá ọ̀dọ̀ bàbá wọn, ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju orúkọ bàbá àgbà kan àti fọ́tò rẹ̀ lọ.

Ojú ìwé gan-an ló níye lórí jù níbẹ̀: ìwé ìjọ, ìwé ìkànìyàn, ìwé ìhágún, bí akọ̀wé ìgbà náà ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àtẹ ìdílé tí àwọn ẹlòmíràn ti tò síbẹ̀, ẹ máa fi ìṣọ́ra wò ó. Màá débẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni. Ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù lẹ máa fi ṣí àkáǹtì, kò sí pé ẹ ń kọ nọ́ńbà káàdì báǹkì síbì kankan. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ẹni Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn, àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Mọ́mọ́nì, ló ni ín, Salt Lake City ní Utah ni ibùdó wọn. Láti 1894 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó ń kó ìwé ìdílé jọ sílẹ̀. Ní 1938 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi máíkírófíìmù ya àwòrán ìwé ìjọ àti ìwé ìjọba káàkiri ayé, wọ́n ya á títí ó fi lé ní róòlù mílíọ̀nù méjì, nígbà tó sì fi di 2021, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ìgbàgbọ́ wọn ló fà á, torí wọ́n máa ń ṣe ìrìbọmi ní orúkọ àwọn ìbátan wọn tó ti kú. Mo sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á fẹ́ mọ ilé tí wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò wàásù fún mi, wọn kò sì ní kí n wá dara pọ̀ mọ́ ìjọ. Wọ́n tún ń gba ìtàn ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Gánà àti Nàìjíríà, èyí sì wú mi lórí gan-an.

Ìwé ìkànìyàn ni gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ bá, ó sì dáa bẹ́ẹ̀ fún ìran tòsí. Èyí tó tuntun jù tó wà ní gbangba ni ti 1950, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹrin 2022, torí òfin ní ọdún 72 gbọ́dọ̀ kọjá kí ará ìta tó lè kà á. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń padà sẹ́yìn ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, títí dé 1900 tó kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n bí olúkúlùkù. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò ni. Iná tó jó ní Washington ní oṣù kìíní 1921 ba ìwé 1890 jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́kù, torí náà 1880 lẹ máa fò lọ. Òun ni àkọ́kọ́ nínú ti ìjọba àpapọ̀ tó sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí olórí ilé.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa New York: títí di 1925, ìpínlẹ̀ náà máa ń ka èèyàn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ti 1855 dára ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ lójú tèmi. Ó ti ń béèrè bí oníkálukú ṣe jẹ́ sí olórí ilé ní ọdún 25 ṣáájú wọn, ó ń béèrè county (ẹ̀ka ìpínlẹ̀, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tí wọ́n bí i sí, ó sì ń béèrè iye ọdún tó ti lò ní ìlú tó wà. Ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló fi hàn mí pé ìyá arúgbó tó ń gbé nílé baba ńlá ọkọ mi nígbà náà, ìyá ìyàwó rẹ̀ ni, àti pé Ulster County ni wọ́n bí i sí. Bí mo ṣe mọ ibi tí màá kọjú sí nìyẹn.

Ṣáájú 1850, ìkànìyàn kò ní ẹnu mọ́. 1850 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà lómìnira. Láti 1790 dé 1840, olórí ilé nìkan ló ní orúkọ, nọ́ńbà ni gbogbo àwọn tó kù. Ti 1790, èyí tó ṣáájú gbogbo wọn, òpó márùn-ún ló ní lẹ́yìn orúkọ: ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó ti pé ọdún 16, èyí tí kò tíì pé, obìnrin aláwọ̀ funfun lápapọ̀, àwọn mìíràn tó wà lómìnira, àti ẹrú. Ìyá àgbà tó ti rí ọmọ-ọmọ àti ọmọ jòjòló tí wọ́n bí lánàá, òpó kan náà ni wọ́n kó wọn sí bí wọ́n bá ti jẹ́ obìnrin. Ta ló fẹ́ ta? Ta ló bí ta? Ìwé yẹn kò ní í sọ.

Ìwé ìjọ ló sọ. Ìjọ Dutch Reformed, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì àwọn Dutch, tó wà ní ìlú Kingston ní Ulster County yẹn, ní ìwé ìsàmì àti ìwé ìgbéyàwó láti 1660, nígbà tí àwọn ará Netherlands ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á ní 1664. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì finá sun ìlú Kingston ní oṣù kẹwàá 1777, síbẹ̀ àwọn ìwé náà wà títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ìlà kan. Ọjọ́ ló ṣáájú, orúkọ bàbá àti ìyá tẹ̀ lé e, orúkọ ọmọ, lẹ́yìn náà orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí. Pásítọ̀ kò kọ orúkọ ọkọ mọ́ ìyá ọmọ lórí: orúkọ ilé bàbá obìnrin náà ló kọ. Obìnrin tí ìkànìyàn sọ di òǹkà lásán, ibí ló ti dìde tòun ti ilé tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí èyí, mo pe ọkọ mi láti yàrá kejì.

Àwọn ẹlẹ́rìí gan-an ni kí ẹ dúró lé lórí. Ẹbí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, òbí ọkọ, òbí ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, àbúrò. Àṣà àwọn Dutch ni pé kí àkọ́bí ọkùnrin jẹ́ orúkọ bàbá ọkọ, kí èkejì jẹ́ orúkọ bàbá ìyàwó, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn obìnrin pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà. Ẹni tó dàgbà láàárín àwọn Babátúndé àti Yétúndé kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Mo to gbogbo ọmọ tọkọtaya kan láti àkọ́bí dé àbígbẹ̀yìn, mo kọ orúkọ ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, mo sì rí i pé ẹni tí àkọ́bí jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló dúró ní ẹlẹ́rìí fún un. Bí mo ṣe gun orí ìran mìíràn nìyẹn láìsí ìwé ìkànìyàn kankan.

Orúkọ máa ń yí padà, kí ẹ má bàa rò pé èèyàn sọnù. Tryntje inú ìwé ìsàmì lè di Catharine lẹ́yìn náà, Grietje a di Margaret, Jannetje a di Jane. Tí ẹ bá dé ìran àwọn tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ wá, orúkọ ìdílé tí ẹ mọ̀ lè má sí rárá, nítorí orúkọ bàbá ni ọmọ máa ń gbé kẹ́yìn tirẹ̀. Ẹ wo Martin Van Buren, ààrẹ kẹjọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe ìsàmì fún ní ìjọ Dutch ti Kinderhook ní 1782. Cornelis Maessen ni orúkọ baba ńlá rẹ̀ tó wá ní 1631, àwọn ọmọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jẹ́ Van Buren. Ẹni tó bá tẹ Van Buren nìkan kò ní rí bàbá yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má gbára lé àpótí ìwákiri tí ẹ máa kọ́kọ́ rí. Catalog, ìyẹn àkójọ àwọn ìwé tó wà níbẹ̀, ni kí ẹ lọ, ẹ kọ orúkọ ìlú, ẹ mú apá ìwé ìjọ, kí ẹ sì ṣí àwòrán náà kí ẹ máa ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìwé ló wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe atọ́ka rẹ̀. Tí ẹ bá rí àmì kámẹ́rà tí kọ́kọ́rọ́ wà lókè rẹ̀, àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ni ìwé kò jẹ́ kó ṣí nílé, ẹ ní láti lọ sí FamilySearch Center tàbí ibi ìkàwé tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Mo lọ sí èyí tó sún mọ́ wa. Màmá kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ló jókòó tì mí, òun ló sì fi sùúrù kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ọwọ́ ìkọ̀wé ìgbà náà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ lo kọ̀ǹpútà o, fóònù ò bá irú iṣẹ́ yìí mu, àwòrán náà sì máa ń jẹ dátà.

Ní ti àtẹ ìdílé, ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń lò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Ó ní àǹfààní: ìbátan tí ẹ ò mọ̀ rí lè ti gbé fọ́tò síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Sources sí kí ẹ tó gba ohunkóhun gbọ́. Ìran tí kò bá sí ìwé kankan lẹ́yìn rẹ̀, àbá lásán ni. Mo rí ibi tí ẹnì kan ti so ọkùnrin kan mọ́ ìyá tó kú ṣáájú ìbí rẹ̀, torí pé orúkọ bá orúkọ mu. Ẹ má rò pé ẹni tó gba owó ló ń ṣe dáadáa jù: mo san owó oṣooṣù fún ìkànnì mìíràn tí n kò ní dárúkọ, àṣìṣe yẹn kan náà ni mo bá níbẹ̀, ó sì ṣòro kí wọ́n tó dáwọ́ owó yíyọ dúró lẹ́yìn tí mo ní mi ò ṣe mọ́.

Mo ti dárúkọ òpó karùn-ún nínú ìwé 1790. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ baba ńlá ọkọ mi, akọ̀wé kọ 3 sínú rẹ̀. Ó lé ní 21,000 ẹrú tó wà ní New York lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú oko àwọn Dutch ní etí Hudson. Ulster County yìí náà ni wọ́n bí Sojourner Truth sí, obìnrin ẹrú tó wá di ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó lókìkí, èdè Dutch ló sì kọ́kọ́ sọ. Èmi tí mo ti etí òkun tí ọkọ̀ ẹrú ti ń gbéra wá, n kò lè gbójú fo nọ́ńbà yẹn kí n sì máa yọ̀ pé mo rí baba ńlá àwọn ọmọ mi. Mo fi han ìyá ọkọ mi. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n wá àwọn èèyàn náà pẹ̀lú.

Full-Text Search tí FamilySearch gbé jáde ní 2024 ló ràn mí lọ́wọ́ jù níbí. Ẹ̀rọ ti ka ìwé ìhágún àti ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ kọ, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó bá wà nínú rẹ̀ lẹ lè wá, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ni ín nìkan. Mo tẹ orúkọ ìdílé náà, mo mú Ulster, ìwé ìhágún bàbá yẹn sì jáde. Ó fi obìnrin kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, láàárín ibùsùn àti màálù, orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láìsí orúkọ ìdílé. Nínú ìwé ìsàmì, mo padà bá ọmọ náà: orúkọ ìyá rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ìyá rẹ̀, kò sí bàbá, kò sí ẹlẹ́rìí.

FamilySearch gbà kí ẹ so èèyàn tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìdílé kan, títí kan ẹrú àti ẹni tó ni ín. Mo ṣí ojú ewé fún obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀, mo so ìwé ìhágún àti ìlà ìsàmì náà mọ́ wọn, kí ẹni tó bá ń wá wọn láti apá tiwọn lè bá wọn níbẹ̀. Ẹnì kẹta kò tíì ní orúkọ. Òfin 1799 ní kí olówó ẹrú lọ forúkọ ọmọ tí ẹrú bá bí sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìlú, torí náà àwọn ìwé ìlú náà wà lára ohun tí mo ń yẹ̀ wò. Ìkànìyàn 1830 ti Ulster ni mo ń kà lọ́wọ́ báyìí: ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1827 ni òfin fòpin sí ẹrú ní New York, bí ọmọkùnrin yẹn bá sì wà láyé, ó lè ti di olórí ilé, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lókè ìlà tirẹ̀.