Ìwé àkọsílẹ̀ àdúrà fún ìdílé: ó dáa gan-an, àmọ́ ọdún kan ti kéré jù

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń bi mí bóyá ìwé àkọsílẹ̀ àdúrà tí wọ́n ṣe fún ìdílé yìí tó nǹkan téèyàn ń rà, ó tó o, ó tó gan-an, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ṣe lẹ fẹ́ máa fi ka iye ìgbà tí Ọlọ́run ṣe ohun tẹ́ẹ ní kó ṣe, ẹ fi sílẹ̀, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ilé wa kọ́ nìyẹn.

Bó ṣe rí nìyí. Lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí ibi tẹ́ẹ máa kọ ọjọ́ sí, orúkọ ẹni tó gbàdúrà, ohun tó béèrè, lẹ́yìn náà wọ́n wá ya àpótí kékeré mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀: Bẹ́ẹ̀ ni, Rárá, Dúró. Torí àpótí mẹ́ta yìí ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí tí mò ń kọ yìí. Àwọn irú ẹ̀ tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ibi ẹ̀rí nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, tí nǹkan náà ò bá wá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ á kàn ṣófo báyẹn ni, ọmọdé tó bá ṣí i á sì rò pé Ọlọ́run ò gbọ́.

Ọmọ mi kejì gbàdúrà pé kí ìdílé ọ̀rẹ́ òun má kó kúrò ládùúgbò. Bírò pupa ló fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Wọ́n kó lọ. Ló bá gbé ìwé náà lọ bá bàbá ẹ̀, ó ní níbo lòun máa mákì báyìí. Bàbá wọn ò sọ fún un pé Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe kó sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ o, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní kó mákì Rárá, kó wá kọ bó ṣe ń ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ohun tọ́mọ yẹn kọ ni, "Ó dùn mí, ọ̀la màá tún bá Ẹ sọ̀rọ̀." Mo kà á lẹ́yìn tí wọ́n ti sùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí àwọn àgbàlagbà wà tí Rárá kan ṣoṣo ti lé kúrò nídìí àdúrà.

Rárá ò kí ń ṣe ohun tó yẹ ká máa fi pa mọ́ fọ́mọdé. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta pé kó yọ ẹ̀gún inú ara òun kúrò, ó wà nínú 2 Kọ́ríńtì orí 12, ẹ̀gún ò kúrò, ohun tó gbọ́ ni pé "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Dáfídì ńkọ́? Ó gbààwẹ̀, ó ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ torí ọmọ ẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ọmọ yẹn kú lọ́jọ́ keje, àwọn ìránṣẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù láti sọ fún un, àfi bó ṣe dìde tó wẹ̀, tó pààrọ̀ aṣọ, tó lọ jọ́sìn nínú ilé Olúwa. A ka ìtàn yẹn fáwọn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú Bíbélì.

Ibi tí ìwé yìí kù sí gan-an nìyí o: wọ́n fi ọdún sí i. January ló bẹ̀rẹ̀, December ló parí, wọn ò sì fi ojú ewé kankan sílẹ̀ fún àwọn tẹ́ẹ bá mákì Dúró. Ísáákì jẹ́ ẹni ogójì (40) ọdún nígbà tó fẹ́ Rèbékà, ó gbàdúrà torí pé ìyàwó ẹ̀ yàgàn, ẹni ọgọ́ta (60) ọdún ló wà nígbà tí wọ́n bí àwọn ìbejì. Ogún ọdún! Ìwé olọ́dún kan wo ló máa gba ìyẹn? Nílé tiwa, àbúrò ọkọ mi ti kúrò nílé tipẹ́, kì í gbé fóònù ẹnikẹ́ni, orúkọ ẹ̀ ló sì máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́. Tí ọdún bá parí, gbogbo wa á jókòó yí tábìlì ká, a ó máa da àwọn tó wà lábẹ́ Dúró kọ sínú ìwé tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni àdúrà náà ló máa sọ bóyá òun ṣì ń fẹ́ ẹ. Ọkọ mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kọ ti àbúrò ẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì pè, a ṣì ń gbàdúrà, mo sì gbà pé Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ níbi tójú wa ò tó.

Àṣà kéèyàn máa kọ àdúrà sílẹ̀ kì í ṣe tuntun. George Müller, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n bí lọ́dún 1805, tó tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Bristol títí tó fi kú lọ́dún 1898, máa ń kọ ohun tó béèrè sílẹ̀ àti bí ìdáhùn ṣe dé, àwọn ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kọjá sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá (10,000).

Nǹkan míì: bébà ẹ̀ fẹ́lẹ́, yíǹkì máa ń là á kọjá sódìkejì, kẹ́ẹ yáa máa fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Àwọn ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ náà, gbogbo ẹ̀ ló dá lórí rírí gbà, kò sí ẹyọ kan fún ẹni tó ń retí. Sáàmù 13 wà nínú Bíbélì, ibi tí Dáfídì ti bi Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ẹsẹ méjì pé títí di ìgbà wo, ṣé kò yẹ kí wọ́n fi ìyẹn náà sí i ni? Èyí tó wà lórí fóònù, mi ò fẹ́ràn ẹ̀, orí géèmù làwọn ọmọ máa parí ẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ lọ́mọ tó ti ń bàlágà, ẹ má retí pé kó kọ ọ̀rọ̀ àṣírí ẹ̀ síbi tí gbogbo ilé ti máa kà á. "Èyí tó wà lọ́kàn mi" ni àkọ́bí mi máa ń kọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe máa ń bá a gbé e dé iwájú Ọlọ́run láì bi í léèrè. Lọ́jọ́ kan ó kàn mákì Bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, a bá a yọ̀, dòní a ò mọ ohun tó jẹ́.

A máa tún ra òmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń ṣe é, tẹ́ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọdún kúrò lára ẹ̀, kẹ́ẹ sì fi ojú ewé tó pọ̀ dáadáa sẹ́yìn fún Dúró.