Ọdún méjì tí mo fi kọ́ iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì lórí ṣíṣe orin àti ìgbohùnsílẹ̀ ni. Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá owó náà ò ṣòfò, nígbà tó jẹ́ pé fídíò ọ̀fẹ́ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ṣòfò. Àmọ́ ọ̀tọ̀ lohun tí mo bá lọ, ọ̀tọ̀ lohun tí mo gbà bọ̀.

Kọ̀ǹpútà ni mo bá lọ. Mo rò pé Pro Tools, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba orin sílẹ̀, ni wọ́n máa gbé síwájú mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wáyà ni wọ́n gbé fún wa. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi kọ́ bí a ṣe ń ká wáyà makirofóònù: ká a lẹ́ẹ̀kan bó ṣe yẹ, yí ọwọ́ padà nígbà kejì, kó má baà lọ́ pọ̀. Ó bí mi nínú gan-an nígbà náà. Wáyà tí mo rà lọ́dún yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Kíláàsì gìtá ló ṣí mi létí. Olùkọ́ wa gbé SM57 kan ṣoṣo, makirofóònù tí Shure ti ń tà láti 1965, síwájú sípíkà gìtá. Ó ní ká kọjú rẹ̀ sí àárín gbùngbùn, ká gbà á sílẹ̀, lẹ́yìn náà ká máa sún un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n ìka méjì-méjì. A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Láàárín, ìró náà mú bí abẹ. Bó ṣe ń sún mọ́ etí sípíkà ló ń rọ̀, tó sì ń nípọn sí i. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi EQ, irinṣẹ́ tí a fi ń dín apá kan ìró kù tàbí fi kún un, gé ohùn kiri nínú yàrá mi, tí mò ń wá irú ìró tí ọwọ́ mi ì bá ti rí kí n tó tẹ bọ́tìnì ìgbohùnsílẹ̀ rárá.

Ti ìlù tún ju ìyẹn lọ. A fi makirofóònù kan sókè snare, ìlù kékeré olójú méjì tí a fi igi lù, a fi ìkejì sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ṣí méjèèjì pọ̀, ìlù náà rọ, kò níkùn mọ́. Olùkọ́ wa tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ Ø sí, èyí tó ń yí ìró makirofóònù kan sí òdìkejì, ni ìlù bá tún dún gbì! Bí igi bá lu awọ òkè, awọ náà ń sá fún makirofóònù tòkè, tìsàlẹ̀ sì ń bọ̀ wá bá tirẹ̀. Ọ̀kan ń fà, ọ̀kan ń tì, wọ́n sì ń pa ara wọn. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí rí, n kò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n kọ́ wa láti máa gbọ́ orin nílẹ̀-nílẹ̀ pẹ̀lú, débi pé a lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Láti 1933 ni Fletcher àti Munson, àwọn méjì tó ṣèwádìí nípa bí etí ṣe ń gbọ́ràn, ti fi hàn pé bí ohùn bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni etí wa kì í gbọ́ béèsì dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo orin fi ń dùn bí a bá gbé e sókè, títí kan èyí tí a kò pò dáadáa.

Ibi tó dùn mí ni sítúdíò. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà fún àwa mẹ́rìndínlógún, wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló sì ń kàn mí, títí kan àkókò tí mo fi ń to makirofóònù. Ọ̀sán kan péré ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ orin, pé ẹni tó kọ orin ní tirẹ̀, ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ náà sì ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wa nìyẹn o! Ó yẹ kó gba odindi sáà kan. Ojú wa ti ń wo aago kí olùkọ́ tó dé orí ìwé àdéhùn.

Síbẹ̀, màá tún lọ. Bí àbúrò mi bá fẹ́ lọ sí irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí kí wọ́n tó wọ sítúdíò ni màá kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi hàn mí, kí n ka iye ìgbà tí orúkọ ọmọ ọdún kìíní wà níbẹ̀.