Kíìtì OraQuick tí wọ́n fi ń yẹ HIV wò nílé: ó dáa o, àmọ́ HIV nìkan ló mọ̀

Kí n tètè sọ ọ́: kíìtì yìí ń ṣiṣẹ́, kò le lò, kò sí abẹ́rẹ́ kankan nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti ń sá fún tẹ́ẹ̀sì HIV torí pé ẹ̀jẹ̀ ń bà á lẹ́rù, tàbí torí pé nọ́ọ̀sì tó wà nílé ìwòsàn àdúgbò wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwáwí ti tán lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni báwọn èèyàn ṣe ń lò ó. Ẹnì kan á lò ó lónìí, ìlà kan á jáde, kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ó ti ju rọ́bà nù, á ní òun ti ṣe tẹ́ẹ̀sì. Tẹ́ẹ̀sì wo? Ṣé àtọ̀sí ni kíìtì yẹn bá ẹ yẹ̀ wò ni, àbí sífílísì, àbí kilamídíà, àbí hepatitis B tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ lábẹ́lẹ̀? Kò mọ ìkankan nínú àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yìí. Kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ̀ wọ́n, HIV ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ẹ̀.

Èmi àti bọ̀bọ́ mi la jọ lò ó. Ọ̀rọ̀ wa ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí, ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì wà lára àwọn tó máa ń gba ìwé HIV àti jẹ́nótáípù lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, mo wá ní kó tó di pé pásítọ̀ mọ̀, ẹ jẹ́ káwa méjèèjì kọ́kọ́ mọ̀ ná.

Yaba ni mo ti rà á, ní kẹ́míìsì kan lápá Tẹ́júoṣó. Mi ò ní dárúkọ wọn torí ohun tí ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ ṣe fún mi ò dáa rárá. Mo rọra sún mọ́ káńtà, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní kíìtì tẹ́ẹ̀sì, ló bá la ohùn kọjá orí gbogbo èèyàn tó tò sẹ́yìn mi: "Àǹtí, èwo nínú ẹ̀, ti oyún àbí ti HIV?" Bàbá kan tó wá ra Panadol wò mí látòkè délẹ̀. Mo ní ti HIV, méjì, mo sì sọ ọ́ sókè bíi tiẹ̀ náà, kí ni mo jí? Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ló pariwo mọ́ ọn láti inú lọ́hùn-ún, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀ nìyẹn?", òun fúnra ẹ̀ ló wá dìde mú un fún mi, ó fi ọjọ́ tó máa expire hàn mí, ó fi ibi tí èdìdì ẹ̀ wà hàn mí, ó ní "ọmọ mi, má dá a lóhùn, o ṣe dáadáa." Ìyá yẹn gbayì.

Ọ̀rọ̀ ríra ẹ̀ yìí, ẹ fara balẹ̀ o. Kíìtì yìí ò fẹ́ ooru tó bá ti ju 30°C lọ, ẹ wá ro oòrùn Èkó mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bá gbé sójú wíńdò tí oòrùn ń sun, tàbí tí ẹnì kan ń gbé kiri nínú gosílóò, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ lọ sí kẹ́míìsì tó ní fámásísì gidi, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ó kéré tán tó tutù díẹ̀. Ẹ rántí pé lọ́dún 2025 ni NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa fúngbà díẹ̀ nítorí ayédèrú oògùn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ibi gbogbo ni oògùn ti jẹ́ oògùn. Ní ti owó, kẹ́míìsì kan ò ta iye tí èkejì ń tà, ẹ yọjú sí méjì mẹ́ta. Tówó ò bá sì sí, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ló ń ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV lọ́fẹ̀ẹ́, látorí ti wọ́ọ̀dù yín títí dé Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ọ̀dàn ní Marina, tàbí Mainland Hospital ní Yaba níbi tí gbogbo wa ṣì ń pè ní IDH.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ọ̀rá tó wà nínú páálí pín sí méjì: igi tẹ́ẹ̀sì wà lápá kan, ìgò kékeré tó ní omi nínú wà lápá kejì. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ tàbí mu nǹkan kan fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, tẹ́ ẹ bá sì fọ ẹnu, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 30. Ẹ ṣí ìgò yẹn, ẹ fi kọ́ ibi ìdúró ẹ̀, ẹ má da omi inú ẹ̀ nù, ẹ má sì mu ún (ẹ ò gbọ́ mi ni, mo mọ àwọn tó lè mu ún). Ẹ wá fi ẹnu igi yẹn nu erìgì, òkè lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹ má fọwọ́ kan ibi pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu igi yẹn, kì í ṣe ahọ́n, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́, erìgì ni. Ẹ tì í bọ inú omi, ẹ fi sílẹ̀ fún 20 mínítì, ẹ kà á kó tó pé 40 mínítì. Tó bá ti kọjá 40, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́.

Bọ̀bọ́ mi nu tiẹ̀ tán, ló bá kọjú sí mi, "Àdùkẹ́, ṣé itọ́ ló wá ń kó HIV ranni báyìí? Ṣé ká má fẹnu kora wa lẹ́nu mọ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Kì í ṣe kòkòrò HIV ni kíìtì yìí ń wá lẹ́nu o, ohun tí ara wa ń ṣe jáde láti fi bá kòkòrò yẹn jà ló ń wá, èyí sì máa ń wà nínú omi tó ń sun lára erìgì. Fífẹnu kora ẹni lẹ́nu kì í kó HIV ranni.

20 mínítì yẹn gùn. Bọ̀bọ́ mi ń tẹ fóònù, mo wò ó, fóònù dojú délẹ̀. NEPA tún wá mú iná lọ, a fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kà á. Lẹ́tà C àti T ló wà lára igi yẹn. Ìlà kan níbi C: kò rí nǹkan kan. Ìlà méjì, C àti T: ó rí nǹkan, kódà kí ìlà T yẹn fẹ́lẹ́ bí irun orí ọmọ tuntun, ìlà ni. Tí C ò bá ní ìlà, kíìtì yẹn ti bàjẹ́, ẹ lo òmíràn. Tiwa jẹ́ ìlà kan, ìlà kan.

Tó bá jẹ́ ìlà méjì ńkọ́? Kò tíì túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú irú tẹ́ẹ̀sì mìíràn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba, ẹni tó bá ń lò ó déédéé tí kòkòrò náà fi dín kù débi tí láàbù ò rí i mọ́, kò ní kó o ran ẹni tó ń bá sùn. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó bá sì ń sọ pé ẹ mú tẹ́ẹ̀sì HIV wá kóun tó gbà yín síṣẹ́, òfin ọdún 2014 ti ka ìyẹn léèwọ̀ ní Nàìjíríà.

Nǹkan méjì kan wà táwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Àkọ́kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, kíìtì yìí ò lè rí i. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta gbáko lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ ṣe nǹkan tó ń kọ yín lóminú, ẹ wá lò ó. Tó bá jẹ́ pé àná gan-an ni rọ́bà bẹ́, tàbí ẹnì kan fipá bá yín lò pọ̀, kì í ṣe kẹ́míìsì lẹ máa lọ, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PEP, ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó, bẹ́ ẹ bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tó ló ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Ìkejì, ẹni tó ti wà lórí oògùn HIV kò gbọ́dọ̀ lo kíìtì yìí láti mọ̀ bóyá òun ti "wò sàn", ó lè fi ìlà kan hàn án, irọ́ ni.

Ó kù àwọn yòókù tí kíìtì ò mọ̀. Láàbù kan ní Sùúrùlérè la lọ, ìyẹn gan-an sì ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Àwọn tẹ́ẹ̀sì tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ni VDRL fún sífílísì, HBsAg fún hepatitis B, kí wọ́n sì fi ìtọ̀ tàbí ohun tí wọ́n nù láti ojú ara wo àtọ̀sí àti kilamídíà. Ti ìtọ̀ yìí, ẹ má tọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú, àkọ́tọ̀ ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe ti àárín. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má sọ pé kò sóhun tó ń ṣe yín, ọ̀pọ̀ wa ni àtọ̀sí àti kilamídíà wà lára ẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan, ìgbà tó bá ń wá ọmọ ló máa tó gbọ́ pé ojú ọ̀nà ti dí.

Àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ wa mọ iṣẹ́, ọwọ́ wọn rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ló fẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ó wo bọ̀bọ́ mi lójú, ó ní "Brọ̀dá, ẹ tún ṣe ti stáfù o, stáfù ló ń pa àwọn ọkùnrin Èkó." Stáfù! Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ ti gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì láti Oṣòdì, lẹ́nu ẹni tó ń ta àgbo pẹ̀lú ohùn tó ti há: ìdí gbígbóná, jẹ̀díjẹ̀dí, stáfílókọ́kọ́ọ̀sì, nǹkan ọkùnrin tí ò dìde mọ́. Kòkòrò tó ń jẹ́ stáfù yìí, ara èèyàn àti ihò imú ló ń gbé, ọ̀pọ̀ wa ló ní i láìsí wàhálà. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ da àtọ̀ sínú ike, stáfù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ á bọ́ síbẹ̀, láàbù á kọ ọ́ sílẹ̀, ó di oògùn olówó ńlá nìyẹn, ó di àgbo, ó di abẹ́rẹ́. Bọ̀bọ́ mi kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun, ohun tó wà nínú ìwé wa nìkan." Obìnrin ni wọ́n máa ń fi "toilet infection" mú ní tiẹ̀. Èèyàn kì í kó àtọ̀sí látorí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ jàre, ojú ara tó ń yún wa sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá tí kò kan ọkùnrin.

Bí àtọ̀sí bá jáde, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ oògùn. Ampiclox táwọn èèyàn ń gbé mì lẹ́yìn tí wọ́n bá sùn pọ̀ tán kò dènà nǹkan kan, Cipro tí àtọ̀sí ń gbọ́ tiẹ̀ nígbà kan, púpọ̀ nínú ẹ̀ ò gbọ́ mọ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sáábà ń fi wò ó báyìí. Ẹni kejì gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì fi ara yín sílẹ̀ fún ọjọ́ méje lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó tọ́jú ara ẹ̀ nìkan tó tún padà lọ bá ẹni tí ò tọ́jú tiẹ̀, owó ló fi ṣòfò.

Rọ́bà ńkọ́? A ṣì ń lò ó títí gbogbo èsì á fi dé, Gold Circle tàbí Durex, èyí tọ́wọ́ bá bà. Ẹ má fi sínú pọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ń jókòó lé, ẹ má wọ méjì pọ̀, ẹ má fi Vaseline tàbí òróró pa á torí ó máa ń fa rọ́bà ya, K-Y Jelly ni kẹ́ ẹ rà.

Ní ti máàkì, OraQuick gba márùn-ún nínú márùn-ún fún iṣẹ́ tó ní òun máa ṣe. Láàbù yẹn, mẹ́ta, ọ̀rọ̀ stáfù ló jẹ méjì. Kẹ́míìsì, méjì, ìyá yẹn ló sì ni méjèèjì. Èsì wa jáde, kò sí ìkankan, kò sí hepatitis B náà, nítorí náà a ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta ni, àkọ́kọ́, òmíràn lẹ́yìn oṣù kan, èyí tó gbẹ̀yìn lóṣù kẹfà. Bọ̀bọ́ mi tó ṣe bí ẹni tí kò mira nígbà tá à ń retí ìlà HIV, ẹ wá wo bó ṣe di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ jáde.