Forklift onídísù, onígáàsì àbí oníbátìrì: èwo ló yẹ kẹ́ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ ra forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ẹ má kàn wo iye tí ọlọ́jà pè é o, ẹ wo ohun tó máa jẹ lójoojúmọ́ àti ibi tẹ́ẹ ti fẹ́ máa lò ó, ṣé inú ilé ni àbí ìta gbangba.

Onídísù lágbára, òjò àti ilẹ̀ gbágungbàgun ò ní kó má ṣiṣẹ́, tòkunbọ̀ ẹ̀ sì pọ̀ l'Ékòó. Àmọ́ èyí tó ń gbé tọ́ọ̀nù 2.5 lè mu bíi lítà 3 ní wákàtí kan tíṣẹ́ bá le, lítà kọ̀ọ̀kan sì ń tú kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tó ju kílò 2.6 lọ síta. Èyí tó ká mi lára jù ni èéfín ẹ̀. Láti 2012 ni ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti sọ ọ́ gbangba pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fọwọ́ ra ògiri ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń lò ó, ẹ ó rí dúdú tó máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, òun náà làwọn ọmọ tó ń to ẹrù ń fà símú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìta nìkan ni kẹ́ẹ ti lò ó, ẹ jọ̀ọ́.

Onígáàsì mọ́ jù ú lọ, kíá lèèyàn ń pààrọ̀ sílíńdà ẹ̀, àmọ́ kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tó ń tú jáde ò ní àwọ̀ ò ní òórùn, tí wọ́n bá tilẹ̀kùn pa ó lè pààyàn.

Oníbátìrì ò ní èéfín rárá, tó bá sì dúró, kò jẹ nǹkan kan. Bátìrì olómi ni owó ẹ̀ kéré jù, ṣùgbọ́n tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, ó máa gba ṣáájì fún bíi 8, ó tún máa tutù, ẹ ó máa bu omi sí i, ẹ ò sì gbọdọ̀ dáná nítòsí ẹ̀ torí gáàsì tó ń jáde nígbà ṣáájì lè gbiná. Lítíọ́mù wọ́n gan-an, àmọ́ ẹ lè kì í bọ ṣáájì lásìkò tí dẹ́rẹ́bà ń jẹun, iná tó ń ṣòfò kéré, òun ni mo fara mọ́ tíṣẹ́ yín bá ń wọ òru.

Ẹ ṣírò iná o. Iṣẹ́ tí dísù lítà 3 ń ṣe, bíi yúníìtì 6 ló máa gbà, ní ₦225 tí wọ́n gbé iná Band A (ti àwọn tí wọ́n ń fún níná jù) sí ní April 2024, ₦1,350 nìyẹn nígbà náà. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń ṣaájì, bíi lítà 2 lẹ máa jó, ìyẹn ni pé èéfín kàn kúrò nínú ilé lọ sẹ́yìn fẹ́ǹsì ni, èrè ibẹ̀ ò tó nǹkan, àfi tẹ́ẹ bá ní sólà.

Bátìrì olómi tó ti kú náà ńkọ́? Ní Ogijo nípìnlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, wọ́n rí òjé, irin olóró tó wà nínú bátìrì náà, nínú ẹ̀jẹ̀ aráàlú. Kẹ́ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ta ló máa gbà á padà, ibo ló sì ń kó o lọ.