Wákàtí Méjì ní Téṣàn Réluwéè Tono

Ẹni tó bá ń kánjú, kó má dé téṣàn Tono o. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bú mi. Ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò pọ̀. Ọ̀kan lè lọ lọ́sàn-án, kó tó wákàtí méjì kí òmíràn tó yọjú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nílé, síbẹ̀ mo jókòó ti oúnjẹ títí ọkọ̀ fi fi mí sílẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni. Wákàtí méjì tí mo wá fi dúró yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fún téṣàn náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ìpínlẹ̀ Iwate ni Tono wà, lápá àríwá Honshu, erékùṣù tó tóbi jù nílẹ̀ Japan, lórí ojú irin Kamaishi. Láti Tokyo, mo wọ Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá wọn, dé Shin-Hanamaki, mo sì bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ yìí ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí. Mo dúró gbagidi níwájú ilẹ̀kùn, mò ń retí kó ṣí fúnra rẹ̀ bíi ti Tokyo. Kò mira. Ìyá àgbà kan tó gbé àpò ẹ̀fọ́ dání na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan, ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Onii-san, samui kara ne." Pé, ẹ̀gbọ́n, òtútù ló fà á: ẹni tó bá fẹ́ wọlé ló ń ṣí i, kí ooru inú ọkọ̀ má baà jáde lásán. Ẹ gbọ́, àgbà tó tó ìyá ìyá mi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n! Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀dọ́kùnrin níbẹ̀ nìyẹn. Mo tẹrí ba, mo wọlé. Ẹ mójú tó fèrèsé bí ẹ bá ti ń sún mọ́ Miyamori, ọkọ̀ yóò gba orí afárá olójú márùn-ún kan kọjá.

Láti 1914 ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ní Tono. Ilé téṣàn tó wà níbẹ̀ báyìí, 1950 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún kan náà tí wọ́n so ojú irin náà pọ̀ láti Hanamaki dé Kamaishi létí òkun, kìlómítà 90.2. Lára pátákó tó wà lórí pèpéle, wọ́n kọ "Folkloro" sí abẹ́ orúkọ ìlú. Èdè Esperanto ni, èdè tí wọ́n hùmọ̀ kí àwọn ènìyàn ayé lè máa fi bára wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo téṣàn orí ọ̀nà yìí ló ní orúkọ ìnagijẹ bẹ́ẹ̀, nítorí Miyazawa Kenji, akéwì ọmọ Hanamaki, fẹ́ràn èdè náà. La Oceano, ìyẹn òkun, ni ti Kamaishi. Ti Tono túmọ̀ sí ìtàn ìbílẹ̀, torí àlọ́ ìlú náà ni Yanagita Kunio, onímọ̀ ìtàn ìbílẹ̀, kó jọ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1910.

Ẹ jáde síta wàyí, ibẹ̀ ni eré wà. Adágún kékeré kan wà níwájú téṣàn, wọ́n to ère Kappa sí i. Ẹ̀dá inú odò ni Kappa, àwo omi wà ní àtàrí rẹ̀. Omi yẹn bá dà nù, agbára rẹ̀ tán. Kùkúńbà ló fẹ́ràn jù. Àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí, orí Kappa ni wọ́n fi ṣe ìrísí rẹ̀, tojú tẹnu. Ìyá mi fi ìwin odò dẹ́rù bà mí débi pé mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ títí dòní. Àwọn yìí fi tiwọn ṣe ilé ọlọ́pàá.

Wọ́n ń ta ìwé àṣẹ téèyàn fi lè mú Kappa. Mo rà á. Òfin wà lára rẹ̀: o ò gbọdọ̀ ṣe é léṣe, omi orí rẹ̀ ò gbọdọ̀ dà nù, ẹ̀fọ́ tútù ni kí o fi dẹ ẹ́. Mo yá kẹ̀kẹ́, mo wà á fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gba àárín oko ìrẹsì dé Kappabuchi, lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì Jokenji. Ọ̀pá ìpẹja wà níbẹ̀, kùkúńbà rọ̀ létí okùn rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan mú.

Ẹran àgùntàn ló jẹ́ kí ọkọ̀ já mi sílẹ̀. Ní Tono, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lu ihò sí lára ni iná máa ń wà, irin tó rí bí akoto á wà lórí rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ á máa yan ẹran díẹ̀díẹ̀. Ta ló fẹ́ wo aago?

Mo sáré dé, mo gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń lọ. Mo jókòó sí yàrá ìdúró. Mo lu òǹtẹ̀ ìrántí téṣàn sínú ìwé mi, ó wọ́, mo tún un lù. Àwọn ọmọ iléèwé wọlé, méjì sùn lórí báàgì wọn, ẹ̀kẹta ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí orúnkún. Kò sẹ́ni tó ń rojọ́ ọkọ̀.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, àtẹ̀gùn ló jẹ ẹ́. Mo gbé àpótí mi gun afárá tó wà láàárín pèpéle, ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí. Ẹ di ẹrù fúyẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ alẹ́ dé, èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì.