Lẹ́tà Oníbọ́tìnnì Lórí Márosẹ̀: Kí Lẹ Ó Fi Rọ́pò Rẹ̀?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́tà oníbọ́tìnnì ló wà lára àwọn pátákó aláwọ̀ ewé tó ń júwe ọ̀nà lórí márosẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n á gé lẹ́tà funfun láti ara páànù, wọ́n á to bọ́tìnnì oníke róbótó-róbótó sí i lára, kí iná ọkọ̀ tó bá kàn án lè padà sójú awakọ̀. California, Arizona àti Ohio wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó lò ó pẹ́. Ilé iṣẹ́ Stimsonite, tí orúkọ rẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì yìí jù, bọ́ sọ́wọ́ Avery Dennison ní 1999. Bọ́tìnnì tó bá já bọ́ lónìí, ara pátákó mìíràn tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ àfirọ́pò rẹ̀.

Sítíkà tó ń dá iná padà ni wọ́n fi ń rọ́pò bọ́tìnnì báyìí. Ìfiwéra oríṣi sítíkà àti ọ̀nà ìrọ́pò yìí wà fún ẹnjiníà káúńtì (ìjọba ìbílẹ̀ ní Amẹ́ríkà), ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ọ̀nà, àti agbaṣẹ́ṣe tó fẹ́ díje fún iṣẹ́ náà. Ní ìpàdé, iye owó sítíkà tó ń dá iná padà ló máa ń gba gbogbo ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ irin tó ru pátákó, iná tó ń tàn sí i, àti dídí ọ̀nà nígbà iṣẹ́ ni owó ń bá lọ.

Ibi tí bọ́tìnnì ti dáa, ibi tó ti kú

Ká sòótọ́, bọ́tìnnì kì í ṣe ọjà ẹ̀tàn. Ó máa ń tàn dáadáa láti ọ̀nà jíjìn, páànù tí wọ́n fi enámẹ́lì (ìbòrí bíi gíláàsì tí wọ́n fi iná sun mọ́ irin) bò sì lè wà nínú oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣá. Ẹ̀yìn bọ́tìnnì ni iṣẹ́ wà: àwọn igun kéékèèké bí igun inú àpótí, tí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn wọn. Iná á wọlé, á lu ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta igun náà, á sì gba ibi tó bá wá padà. Bí ike bá sán tí omi wọ ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́tìnnì náà kú nìyẹn. Lọ́sàn-án ẹ ò ní mọ̀. Lóru, bí bọ́tìnnì tó wà lára ọ̀pá àárín E bá kú, ó lè jẹ́ C ni awakọ̀ máa kà.

Ilẹ̀ pátákó ni ìṣòro kejì. Lára èyí tó pẹ́ jù, lẹ́tà nìkan ló ń dá iná padà. Ilẹ̀ aláwọ̀ ewé á dúdú kirikiri lóru. MUTCD, ìwé òfin àmì ojú ọ̀nà ní Amẹ́ríkà, sì ní pátákó gbọ́dọ̀ máa dá iná padà tàbí kí iná máa tàn sí i, kí àwọ̀ àti ìrísí rẹ̀ lè jọra tọ̀sán tòru. Ìdí nìyí tí pátákó oníbọ́tìnnì tó wà lókè ọ̀nà fi ń ru iná mọ̀nàmọ́ná àti pèpéle irin tí òṣìṣẹ́ ń dúró lé láti pààrọ̀ gílóòbù.

Sítíkà: ẹ má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo rà á

Ìwọ̀n iná tó kéré jù tí òfin MUTCD ní pátákó gbọ́dọ̀ máa dá padà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 2008. Fún lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ àwọ̀ ewé, pátákó òkè ọ̀nà kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 250 lọ fún funfun àti 25 fún àwọ̀ ewé; ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà jẹ́ 120 àti 15. Cd/lx/m² ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn bí iná tí sítíkà ń dá padà ṣe pọ̀ tó sí iná tó kàn án. Òfin yìí kan náà kò gba sítíkà onílẹ̀kẹ̀ gíláàsì láàyè fún lẹ́tà funfun lókè ọ̀nà, oríṣi yòówù kó jẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, Type I nìkan, ìyẹn oríṣi àkọ́kọ́ nínú tábìlì ìsàlẹ̀ yìí, ni kò gbà fún lẹ́tà funfun. Bí oníṣòwò kan bá ń fi gbèdéke 2015 tàbí 2018 dẹ́rù bà yín, ẹ rántí pé wọ́n ti yọ gbèdéke ìrọ́pò wọ̀nyẹn kúrò nínú òfin ní 2012. Ìwọ̀n ṣì wà, ọjọ́ ni kò sí.

Ohun tí ASTM D4956, ìlànà tí wọ́n fi ń pín sítíkà tó ń dá iná padà sí oríṣi, bèèrè lọ́wọ́ sítíkà nígbà tó ṣì tuntun nìyí, bí iná bá kàn án ní igun -4° (prism ni sítíkà tó ní àwọn igun kéékèèké bíi ti ẹ̀yìn bọ́tìnnì):

| Oríṣi | Funfun ní 0.2° | Funfun ní 0.5° | Àwọ̀ ewé ní 0.2° |
|---|---|---|---|
| Type I (ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì) | 70 | 30 | 9 |
| Type III | 250 | 95 | 45 |
| Type IV (prism) | 360 | 150 | 50 |
| Type VIII (prism) | 700 | 250 | 70 |
| Type IX (prism) | 380 | 240 | 38 |
| Type XI (prism) | 580 | 420 | 58 |

Ẹni tó bá wo òpó àkọ́kọ́ nìkan, Type VIII ló máa rà. Ẹ wo òpó kejì. 0.2° ni igun láàárín hẹ́díláìtì àti ojú awakọ̀ nígbà tí pátákó ṣì jìnnà. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ ọn ni igun náà ń fẹ̀ sí i. Ní 0.5°, Type VIII ti já sí 250, Type XI ṣì wà ní 420. Ìjókòó awakọ̀ tírélà ga ju hẹ́díláìtì rẹ̀ lọ gan-an, nítorí náà igun tirẹ̀ tètè ń fẹ̀. Ọ̀nà tí tírélà bá pọ̀ sí, Type VIII kò yẹ ibẹ̀, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ gbayì nínú ìwé ìpolówó.

Fún òkè ọ̀nà, Type XI ni ká rà, lẹ́tà àti ilẹ̀ pọ̀. Hẹ́díláìtì òde òní ń da iná sísàlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, èyí tó ń dé òkè kò tó nǹkan, ẹ sì nílò sítíkà tó lè lo ìwọ̀nba yẹn dáadáa. Pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní káúńtì tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, Type IV tó o; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ju bẹ́ẹ̀ lọ fún yín. Type IX wà láàárín, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 38, ààyè tó ní kó tó dé 25 kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀. Wáráńtì sábà máa ń jẹ́ ọdún 10 fún Type IV àti 12 fún Type XI. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdá mélòó nínú ìmọ́lẹ̀ ni wáráńtì ọ̀hún dúró lé lórí, torí ọdún nìkan kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà dé orí pátákó

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ibí sì ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń kọsẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù tín-ínrín, tí wọ́n wá fi rífẹ́ẹ̀tì kàn mọ́ pátákó. Òun ló jọ ti bọ́tìnnì jù, ó sì rọrùn láti pààrọ̀ orúkọ ìlú kan láìsọ pátákó kalẹ̀. Ìkejì ni lẹ́tà tí wọ́n gé láti ara sítíkà funfun, tí wọ́n lẹ̀ tààrà sórí ilẹ̀ àwọ̀ ewé. Méjèèjì ní àléébù kan náà: sítíkà prism ní òkè àti ìsàlẹ̀. Bí ẹni tó ń gé e bá yí àwọn lẹ́tà síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ìrépé sítíkà má bàa ṣòfò, lóru ni ẹ máa rí i tí O ń tàn yòò tí N ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, lórí pátákó kan náà. Lójúmọmọ, ẹ lè wò ó títí, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Àmì tó ń fi ìdojúkọ hàn wà lára sítíkà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé gbogbo lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà.

Ìkẹta ni a fara mọ́ jù. Wọ́n á fi sítíkà funfun bo gbogbo pátákó, wọ́n á gé ìrísí lẹ́tà kúrò nínú fíìmù aláwọ̀ ewé tí iná ń gbà kọjá, wọ́n á wá lẹ fíìmù náà lé e kí funfun abẹ́ lè yọ. Nígbà tó jẹ́ pé abala sítíkà kan náà ló wà lábẹ́ lẹ́tà àti ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdojúkọ lẹ́tà ti yanjú. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́: fíìmù àti sítíkà gbọ́dọ̀ ti ilé iṣẹ́ kan náà wá. Ẹni tó bá fi fíìmù ilé iṣẹ́ kan lé sítíkà ilé iṣẹ́ mìíràn, wáráńtì méjèèjì lè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká bo ti tẹ́lẹ̀, àbí ká gbé tuntun kọ́?

Bíbò ni pé kí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì kan alumíníọ̀mù tín-ínrín, bíi 1.6 mm, mọ́ ojú pátákó àtijọ́, pẹ̀lú sítíkà tuntun lórí rẹ̀. Ó yá, kò sì gba kí wọ́n tú irin. Ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà oníbọ́tìnnì gbọ́dọ̀ kúrò ná, torí ó yọ sókè lójú pátákó, kí wọ́n sì fá orí rífẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Tí wọn ò bá fá a, páànù tuntun á wú lójú ibẹ̀, iná á sì máa ṣẹ́ sí i ségesège. Bó bá jẹ́ irin ni wọ́n fi enámẹ́lì bò, ihò tuntun kọ̀ọ̀kan ń sán enámẹ́lì, ìpẹtà sì gba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣe ìṣirò ìwúwo. Alumíníọ̀mù 1.6 mm jẹ́ nǹkan bíi kílò 4.3 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Pátákó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 10, tó jẹ́ bíi mítà onígun mẹ́rin 18.6, á fi kílò 80 kún ẹrù irin rẹ̀. Bíbò tún ń gbé ẹ̀yìn tó ti jẹrà pa mọ́. Bí ẹ̀yìn pátákó bá ṣì le, tí ẹnjiníà sì fọwọ́ sí ìwúwo, ẹ lè bò ó. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé tuntun kọ́.

Fún tuntun tó tóbi, pánẹ́ẹ̀lì alumíníọ̀mù tó fẹ̀ ní íǹṣì 12, tí wọ́n ń fi bóòtù so pọ̀ létí-sétí, ló wọ́pọ̀. Fún èyí tó kéré, páànù pẹlẹbẹ 3.2 mm tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ alumíníọ̀mù, kí wọ́n sì fi kẹ́míkà tọ́jú ojú rẹ̀ kí sítíkà tó kàn án. Ibi tí wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ kò gbọdọ̀ tutù ju 18°C lọ. Sítíkà tí wọ́n lẹ̀ nínú òtútù máa ń ṣí létí. Bóòtù tó bá gba ojú sítíkà kọjá, ẹ fi wáṣà náílọ́ọ̀nù sí abẹ́ wáṣà irin. Bí wọ́n bá ń fún bóòtù láìsí i, wáṣà irin á lọ́ sítíkà ya, omi á gba ibẹ̀ wọlé, àmì dúdú róbótó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀.

Fọ́ńtì, ìwọ̀n àti irin

Fọ́ńtì Series E Modified tó wà lórí márosẹ̀, bọ́tìnnì ló fà á tí ọ̀pá rẹ̀ fi sanra, kí bọ́tìnnì lè ráyè jókòó. Bọ́tìnnì ti lọ, ọ̀pá sísanra kù. Lórí sítíkà tó mọ́lẹ̀ bíi Type XI, ìmọ́lẹ̀ lè kún ihò inú a àti e, pàápàá lójú àgbàlagbà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fọ́ńtì mìíràn tó ń jẹ́ Clearview. Ìjọba àpapọ̀ gbà á láàyè ní 2004, wọ́n fagi lé e ní January 2016, wọ́n dá a padà ní March 2018. Kí ẹ tó kọ ọ́ sínú tẹ́ńdà, ẹ béèrè ohun tí ìpínlẹ̀ yín gbà.

MUTCD 2009 ní íǹṣì kan gíga lẹ́tà fún ẹsẹ̀ bàtà 30 tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti lè kà á. Lẹ́tà tó ga sí i ń fẹ́ pátákó tó fẹ̀ sí i. Bí pátákó bá kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 10 bọ́ sí 24 sí 12, ẹrù afẹ́fẹ́ ti fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ga, irin àtijọ́ sì lè má gbà á. Ẹnjiníà irin ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe ẹni tó ń ta sítíkà. Ẹ tún wọn àlàfo ìsàlẹ̀: kò gbọdọ̀ dín sí ẹsẹ̀ bàtà 17 lókè ọ̀nà.

Ṣé ẹ lè pa iná?

Bí Type XI bá wà lórí lẹ́tà àti ilẹ̀, tí ẹnjiníà sì jẹ́rìí sí i, ẹ lè pa iná, kí ẹ sì tú pèpéle irin náà. Ibẹ̀ ni owó ti ń padà wọlé: kò sí gílóòbù láti pààrọ̀, kò sí wáyà kọ́pà tí olè máa gé, irin sì fúyẹ́. Ìrì nìkan ni ẹ gbọ́dọ̀ fọkàn sí. Bí ìrì bá sẹ̀ sójú sítíkà, iná á fọ́n káàkiri, pátákó á sì ṣókùnkùn títí ìrì á fi gbẹ. Ibi tó bá wà nítòsí odò tàbí nínú kòtò, tí ìrì ń sẹ̀ lọ́pọ̀ òru, ẹ fi iná LED sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí kí ẹ ra sítíkà tí fíìmù tó ń kọ ìrì wà lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó san owó tó kù

Ẹ ní kí wọ́n kọ oṣù, ọdún, oríṣi sítíkà àti nọ́ńbà rọ́ọ̀lù sẹ́yìn pátákó kọ̀ọ̀kan. Bí wáráńtì bá di ọ̀rọ̀, òun ni ẹ̀rí yín. Kí alábẹ̀wò jókòó sínú ọkọ̀ lóru, kó tan hẹ́díláìtì sí ìsàlẹ̀, kó wo pátákó náà láti ọ̀nà jíjìn, kó tún wò ó nígbà tó bá sún mọ́ ọn, kó sì tún un wò láti inú tírélà bí ẹ bá rí ọ̀kan yá. Lẹ́tà tó bá ṣe bàìbàì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà tí wọ́n dí, torí dídí i lẹ́ẹ̀kejì lè jẹ owó ju lẹ́tà náà lọ.