SKS Tula 1953: Ọta ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Bí wọ́n bá bi mí bóyá SKS, ìbọn tí Simonov ṣe, yẹ ní rírà ní Texas níbí, ọ̀rọ̀ ọta rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Tula, ìlú kan ní Rọ́ṣíà, ni wọ́n ti ṣe tèmi. Àmì ìràwọ̀ àti ọdún 1953 wà lórí ìdérí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lọ sí pápá ìyìnbọn lẹ́yìn Houston ní Mosin M44, ìbọn Rọ́ṣíà mìíràn. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: sẹ̀ǹtímítà 102 ni gígùn tèmi, 102 náà sì ni tirẹ̀ nígbà tó bá ká ọ̀bẹ ẹnu rẹ̀ padà. Ọ̀pá irin tirẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 51, tèmi 52. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò wọ́n yóò ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ wá yìn wọ́n. Iná ńlá ló ń bẹ́ jáde lẹ́nu M44, àwọn tó wà nítòsí a bojú wẹ̀yìn, èjìká a sì máa ro ẹni títí di alẹ́. Ọta 7.62×54R tó ń jẹ ló fà á. Ọdún 1891 ni wọ́n gbé ọta yẹn kalẹ̀, fún ìbọn gígùn tí ọ̀pá rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80. Nígbà tí wọ́n gé ọ̀pá kúrú fún àwọn ọmọ ogun tó ń gẹṣin, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí àgbá àti àwọn mìíràn, ọta kò yí padà. Ẹ̀tù kò rí àyè jó tán nínú ọ̀pá, ìta ló ti ń parí jíjó. Bàbá mi, tó fi ṣakabùlà dẹgbẹ́ ní agbègbè Ìsẹ́yìn, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ẹ̀tù sí ìbọn láìwọ̀n ọ́n. Ìdí ọta Mosin tún ní etí tó yọ síta. Bí ẹ kò bá tò wọ́n dáadáa, etí ti òkè á há sẹ́yìn ti ìsàlẹ̀, irin tó ń ti ọta wọlé ò sì ní lọ mọ́.

Lóṣù Keje ọdún 1943 ni àwọn ará Soviet jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti rí ọta kúkúrú tí Jámánì ń lò, wọ́n ti rí ìbọn kúkúrú Amẹ́ríkà, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìjà kì í kọjá mítà mélòó kan lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Elizarov àti Semin, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, ṣe ọta tuntun. Gígùn ilé rẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ̀tù wà, jẹ́ mìlímítà 41 níbẹ̀rẹ̀, ó padà di 39. Sergei Simonov ló wá ṣe ìbọn tó bá a mu. Ọta yìí ni AK tún ń jẹ, àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun sì gbà wọlé lọ́dún 1949. AK ló lékè. Ní tèmi o, ìyẹn ò sọ SKS di ohun tí kò dára.

Orí ọta ọ̀hún wọn nǹkan bíi gíráàmù mẹ́jọ, ó sì ń jáde ní mítà 735 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ẹ̀tù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán kó tó kúrò lẹ́nu. Ìbọn náà kàn rọra ti èjìká ni, ojú ò ní kúrò lára àmì. Ọta mẹ́wàá tó wà lórí páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ẹ ó fi àtàǹpàkò tì wọlé lẹ́ẹ̀kan, mo sì fẹ́ràn ìró rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá tán, irin á dúró sẹ́yìn, ẹ ó mọ̀ pé ó ti ṣófo. Ní mítà 100, àtẹ́lẹwọ́ mi bo gbogbo ihò tí mo dá sára pátákó. Mo fi pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó pẹ̀lú ọta olórí rírọ̀, n kò sì jẹ́ yìn ín sí ẹran tó bá kọjá mítà 150.

Àbùkù rẹ̀ wà. Ìdí rẹ̀ kúrú fún ẹni tí apá rẹ̀ gùn bíi tèmi. Ibi tí ìka ń fà le, ó sì ń họ kó tó já. Wọ́n fín mítà 1,000 sára ohun ìwojú rẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni ti abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta. Nínú ọ̀pọ̀ SKS, kò ní sípíríìnì tó ń dá a padà. Bí gíríìsì tí wọ́n fi tọ́jú ìbọn sí ilé ìkẹ́rù bá gan mọ́ ọn, ó lè há síwájú, ìbọn á sì máa yìn fúnra rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ tú irin tí abẹ́rẹ́ náà wà nínú rẹ̀, ẹ fi epo fọ ihò rẹ̀ mọ́, kí ẹ mì í títí ẹ ó fi gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ tó ń lọ síwá sẹ́yìn. Kò sí ọta tó gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn.

Ọta ológun àtijọ́ náà, tó wà nínú agolo, ń fi iyọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá jó, iyọ̀ yìí sì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nínú ọ̀rinrin Houston, alẹ́ ọjọ́ kan ti tó fún ìpẹtà láti bẹ̀rẹ̀. Kúróòmù tí wọ́n fi bo inú ọ̀pá ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ náà ń dé ara pístíìnì tí èéfín ń tì. Omi gbígbóná ni mo máa ń kọ́kọ́ dà sí i, epo ló ń tẹ̀ lé e.

Látìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de ìkówọlé ọta Rọ́ṣíà lọ́dún 2021, ọta olówó pọ́ọ́kú tó ń ti Tula wá ti di ohun tí à ń wá kiri. PPU, ọta tí wọ́n ń ṣe ní Serbia, ni mo ń lò báyìí. Idẹ ni ilé rẹ̀, ó mọ́, ó sì wọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Ìbọn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n ṣe ní Rọ́ṣíà lè kọjá ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Bí owó yín kò bá ká a, ẹ wá ti Ṣáínà, Type 56: kúróòmù sábà máa ń wà nínú ọ̀pá tirẹ̀ náà. Ti Yugoslavia kò ní in, nítorí náà ẹ tan iná sínú ọ̀pá rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.